Iṣu Tí Mo Ṣá, Tí N Kò Wí

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi, tí gbogbo àwa ọmọ ilé ń pè ní Bàbá Àgbà, ni wọ́n kọ́kọ́ sọ ìtàn yìí fún mi, lórí ebè iṣu, nínú oko wọn tó wà lẹ́yìn Ìpáò. Wọn kò pè mí jókòó kí wọ́n tó sọ ọ́. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ilé ìwé girama nígbà náà. Èmi ni mo ti ọkọ́ bọ ebè láìfarabalẹ̀, tí mo gé iṣu kan nídìí, tí mo wá dúró tì í bí ẹni tó fọ́ ìkòkò ìyá rẹ̀. Bàbá Àgbà gba iṣu náà lọ́wọ́ mi, wọ́n wo ojú ọgbẹ́ rẹ̀, wọ́n ní kí n má dààmú, oníṣègùn wà nílé.

Mo bi wọ́n pé ilé wo.

Wọ́n ní ní àtijọ́, gbogbo ohun tó ń ta nínú ilẹ̀ kó ara wọn jọ lọ bá Ilẹ̀, wọ́n ní ọkọ́ àti àdá ti pọ̀ jù lórí àwọn, kí Ilẹ̀ fún àwọn ní oníṣègùn. Ilẹ̀ gbà. Ó ní ṣùgbọ́n ọ̀nà oko jìn. Bí ẹ bá ń ránṣẹ́ pe oníṣègùn láti ilé, kí ó tó dé, ẹ̀pa kò ní í bóró mọ́. Inú ara yín ni kí ó máa gbé. Báyìí ni olúkúlùkù ṣe gba tirẹ̀. Ẹ̀gẹ́ kò ní sùúrù. Ọjọ́ tí àdá kọ́kọ́ kàn án, oníṣègùn tirẹ̀ fi ìwàǹwára da gbogbo oògùn ilé sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, oògùn sì pa aláìsàn. Ìdí nìyẹn tí ẹ̀gẹ́ tí a bá wà lónìí fi ń dúdú nínú kí ọ̀tunla tó pé. Iṣu ní tirẹ̀ fara balẹ̀. Ó bi oníṣègùn rẹ̀ pé ọjọ́ mélòó ni yóò gbà, oníṣègùn ní ọjọ́ méje. Ó ní òun yóò ta aṣọ rúsúrúsú sí ẹnu ọ̀nà. Ẹni tó bá rí aṣọ náà, kí ó mọ̀ pé òun wà lẹ́nu iṣẹ́, kí ó má ṣí i wò. Bí wọ́n bá ṣí i lẹ́ẹ̀kan, òun á rọ́jú tún un ṣe. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ṣí i, tí wọ́n tún da omi sí òun lára, òun ń lọ nìyẹn, kí ìdibàjẹ́ wá jogún ilé.

Mo ti sọ ìtàn yìí fún àwọn ọmọ ilé ìwé mi ní Ọ̀tùn, níbi tí mo ti ń ṣe tíṣà, mi ò lè ka iye ìgbà. Ibi tí ọ̀rọ̀ ẹ̀gẹ́ wà ni wọ́n máa ń rẹ́rìn-ín sí. Èyí tó tẹ̀lé e, mi ò sọ ọ́ fún wọn rí.

Jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ bí a ṣe ń ṣe é lóko wa. Ẹni tó bá ṣá iṣu gbọ́dọ̀ wí i. Kò gbọ́dọ̀ di ilé, kò gbọ́dọ̀ di ẹ̀yìn oúnjẹ. Orí ebè yẹn gan-an ni, kí ó tó kan ebè mìíràn. Yóò gbé iṣu náà sókè, yóò ní, "Mo ṣá a o." Gbogbo ẹni tó wà lóko yóò dáhùn pé, "Ó máa jiná." Kò sí èébú níbẹ̀, kò sí ìbéèrè. Àgbà ń ṣá iṣu, ọmọdé ń ṣá iṣu. Ọkọ́ kò lójú. Lẹ́yìn náà ni wọn yóò gbé e lọ sábẹ́ igi ọ̀pẹ kan níbi tó móoru, tí afẹ́fẹ́ kò ti pọ̀, wọn yóò tẹ́ ẹ sílẹ̀, wọn yóò kọjú ọgbẹ́ rẹ̀ sókè, wọn yóò da koríko gbígbẹ bò ó. Ó di ọjọ́ keje kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kàn án. Nígbà tí a bá fi máa ṣí i, ẹnu ọgbẹ́ á ti pọ́n, á ti gbẹ, á ti le bí àtẹ́lẹsẹ̀ àgbẹ̀. Síbẹ̀, a kì í so ó pọ̀ mọ́ àwọn tí ara wọn pé nínú ọgbà tí a ń so iṣu sí. Ọ̀tọ̀ ni ààyè tirẹ̀.

Èmi àti àwọn ọmọ ilé yòókù máa ń fi ọ̀rọ̀ yìí ṣe yẹ̀yẹ́ nígbà tí a ń dàgbà. Ẹni tó bá fọ́ àwo nínú ilé, yóò ní, "Mo ṣá a o," àwa yòókù á dáhùn.

Iṣu tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í ṣe iṣu ọjà. Ìyá tó bí Bàbá Àgbà àti bàbá mi ló gbé e wá láti Ìgbólé nígbà tí wọ́n gbé e níyàwó wá sí Ìpáò: èbù díẹ̀ nínú apẹ̀rẹ̀, tí wọ́n fi ewé bò. Èbù ni à ń pe iṣu tí a máa gbìn. Iṣu náà kúrú, ó sanra, kò dára lójú. Ṣùgbọ́n bí o bá gún un, kì í ní kókó. Bí iyán rẹ̀ bá di ọjọ́ kejì pàápàá, ìka ṣì máa ń wọ̀ ọ́ wọ́ọ́rọ́. Gbogbo ẹni tó ń gbìn ín ní àdúgbò ti fi í sílẹ̀, wọ́n ti gba iṣu tó ń ta gbọ̀ǹgbọ̀nràn. Bàbá Àgbà nìkan ló kù. Ọ̀gbẹlẹ̀ ọdún kan wá jẹ ẹ́ kù sí ebè bí ọgọ́rin, lẹ́yìn ahéré wọn. Wọ́n ní bí àwọn bá wa ọgọ́rin yìí, ìdajì rẹ̀ ni àwọn máa gbìn sí Ìpáò, ìyókù ni àwọn máa pín fún àwọn ọmọ ilé, tèmi ní Ọ̀tùn, ti ẹ̀gbọ́n mi ní Ìkọ̀lé, títí dé ọ̀dọ̀ ọmọ wọn tó ra ilẹ̀ sí Ìbàdàn. Wọ́n ní iṣu tó bá wà lọ́wọ́ ẹnì kan ṣoṣo, ẹni náà kò ní in, ó kàn ń ṣọ́ ọ ni.

Ọdún yẹn gan-an ni ojú wọn ṣú. Wọ́n lọ ṣe iṣẹ́ abẹ ojú ní Ìdó, ó sì bọ́ sí i. Ṣùgbọ́n dókítà ní kí wọ́n má bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n má gbé ẹrù, kí eruku má kàn wọ́n títí ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Iṣu ti gbó nínú ilẹ̀, ikán sì ti ń yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ebè. Wọ́n fẹ́ ránṣẹ́ pe àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ oko fúnni. Èmi ni mo ní kí wọ́n má pè wọ́n. Ilé ìwé ti wọlé ìsinmi. Mo ní èmi máa wà á.

Ìyàwó wọn, Ìyá Àgbà, ń ṣa ẹ̀wà lọ́wọ́ nígbà tí mo sọ ọ́. Wọn kò gbójú sókè.

"Tíṣà, ọwọ́ ṣọ́ọ̀kì yẹn? Àbí o fẹ́ kọ a, b, d sí uṣu nídìí ni?"

Bàbá Àgbà rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára. Ó lé ní ogún ọdún tí mo ti fọwọ́ kan oko kẹ́yìn. Mo fẹ́ fi hàn wọ́n pé ọmọ oko kì í gbàgbé.

Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi ṣe é, èmi nìkan. Ilẹ̀ ti le. Ọyẹ́ ọdún yẹn tètè dé. Ebè kìíní lọ dáadáa, ìkejì lọ dáadáa. Ní ìkẹta, mo gbọ́ ìró yẹn, ìró tí ọkọ́ máa ń ṣe bí ó bá wọ inú nǹkan tó rọ̀ tó sì tutù. Mo gbé iṣu náà sókè. Mo ní, "Mo ṣá a o."

Kò sẹ́ni tó dáhùn. Èmi nìkan ni mo wà lóko. Ẹyẹ kan fò kúrò lórí ọ̀pẹ, ìyẹn ni gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀. Mo wí i lẹ́ẹ̀mejì sí i lórí ebè mìíràn, ojú wá ń tì mí, bí ẹni tó ń dá sọ̀rọ̀ lójú ọ̀nà. Mo dákẹ́. Bí ọjọ́ kìíní ṣe parí, mi ò wí i mọ́, mo kàn ń tẹ́ àwọn tí mo ṣá sábẹ́ igi, mo sì ń da koríko lé wọn lórí. Wọ́n ń pọ̀ sí i. Ní ọjọ́ kejì, apá ń ro mí, mo ń yára kí n lè tètè kúrò, ni wọ́n bá tún pọ̀ sí i. Nígbà tí mo fi máa dé ebè tó gbẹ̀yìn ní ọ̀sán ọjọ́ kẹta, nínú iṣu mẹ́ta, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé mo ti ṣá ọ̀kan.

Mo jókòó sábẹ́ igi, mo ṣí koríko. Àwọn ti ọjọ́ kìíní ti pọ́n rúsúrúsú lójú ọgbẹ́, wọ́n sì ti ń gbẹ. Mo mọ ohun tí àwọ̀ náà jẹ́. Kí ẹnikẹ́ni má rò pé mi ò mọ̀. Ó ti tó ọgbọ̀n ọdún tí mo ti gbọ́ ìtàn rẹ̀. Ohun tí mo rò lọ́jọ́ náà ni pé bí mo bá kó gbogbo èyí délé, tí mo ní mo ṣá wọn, Ìyá Àgbà á wò mí, wọn ò sì ní í sọ̀rọ̀. Èyí tí wọn ò ní í sọ yẹn ni mi ò lè gbà.

Bí mo ṣe mú ọ̀bẹ nìyẹn. Mo ha ojú ọgbẹ́ wọn kúrò lọ́kọ̀ọ̀kan, títí wọ́n fi funfun. Mo gbẹ́ etí wọn kí ó lè rí roboto bí ìdí iṣu tí Ọlọ́run dá. Mo kó wọn lọ sí odò kékeré tó wà nísàlẹ̀ oko, mo fọ̀ wọ́n, mo wá fi ẹrẹ̀ etídò pa ojú funfun náà títí ó fi jọ ara iṣu. Mo ṣe é dáadáa. Tó bá jẹ́ pé mo fi irú ìfarabalẹ̀ yẹn wa iṣu, bóyá ǹ bá má ti ṣá ju méjì lọ. Mo dì wọ́n pọ̀ mọ́ àwọn tí ara wọn pé nínú àpò ọ̀rá ìrẹsì, pẹ̀lú omi lára wọn, mo wá ẹni tó fi ọ̀kadà kó wọn wálé.

Bàbá Àgbà wà lórí àga lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n fi nǹkan bo ojú kan. Ìyá Àgbà ṣẹ̀ṣẹ̀ kán oògùn sí i fún wọn ni, ó ṣì ń ṣàn sẹ́rẹ̀kẹ́ wọn, wọ́n ń fi ọwọ́ nù ún. Wọ́n ní kí n gbé àpò kan wá sítòsí. Wọ́n fọwọ́ wọ inú rẹ̀, wọ́n ń tọ́ iṣu wò lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ẹni ń tọ́ orí ọmọ.

"Mélòó lo ṣá?"

"Kò sí, Bàbá."

Ọwọ́ wọn wà lórí iṣu kan, mi ò sì mọ̀ bóyá èyí tí mo ṣá ni àbí èyí tí mi ò ṣá.

"Ọwọ́ ẹ mọ uṣẹ́," ni wọ́n wí.

Ìyá Àgbà ní àwọn kó ọ̀rọ̀ àwọn jẹ. Wọ́n gún iyán fún mi lọ́jọ́ náà, ẹran ìgbẹ́ ló wà nínú ọbẹ̀ rẹ̀, mo sì jẹ ẹ́. Ní ọjọ́ kejì, èmi àti Ìyá Àgbà so gbogbo iṣu náà mọ́ igi nínú ọgbà ẹ̀yìn ilé, ọ̀kan lórí èkejì, èyí tí mo ṣá láàrin èyí tí mi ò ṣá. Kò sí ẹni tó yà wọ́n sọ́tọ̀. Ta ni ì bá yà wọ́n? Mo ti ní kò sí.

Mo padà sí Ọ̀tùn. Kò ju ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ tí Ìyá Àgbà fi pè mí lórí fóònù. Wọ́n ní òórùn kan ń bọ̀ láti ẹ̀yìn ilé, kí n wá wò ó. Nígbà tí mo dé, mi ò nílò kí ẹnikẹ́ni júwe. Omi dúdú ń kán láti orí igi bọ́ sórí igi. Bí o bá fọwọ́ kan iṣu kan, ìka á wọlé. Èyí tí mo ṣá ló kọ́kọ́ lọ, ó sì ran èyí tó wà lókè rẹ̀ àti èyí tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀. A kó wọn dànù sínú ihò. Mọ́kànlá ló kù tó dà bí ẹni pé ó ṣì dára. Ìyá Àgbà gbìn wọ́n nígbà tí òjò dé. Méjì péré ló hù, àwọn náà pọ́n lójú ewé, wọ́n rọ. Bí iṣu Ìgbólé ṣe tán nílé wa nìyẹn.

Èyí nìkan kọ́ ló ń dùn mí. Iṣu máa ń tán. Ìran mìíràn ń tán. Ohun tó ṣe Bàbá Àgbà ni mo fẹ́ sọ.

Lọ́jọ́ tí a kó iṣu dànù, wọ́n jókòó sórí àga wọn, wọ́n ń wo àtẹ́lẹwọ́ wọn. Wọ́n bi Ìyá Àgbà pé ọjọ́ wo gan-an ni mo kó iṣu dé. Wọ́n bi wọ́n pé ṣé kì í ṣe ìgbà tí àwọn ń kán oògùn sójú ni. Ìyá Àgbà ní ìgbà náà ni. Wọ́n mi orí.

"Oògùn ló wà lọ́wọ́ mi," ni wọ́n wí. "Èmi ni mo fi pa á. Mo fi oògùn ojú pa uṣu ìyá mi."

Mo ní, "Bàbá, kò rí bẹ́ẹ̀." Wọ́n bi mí pé báwo ló ṣe wá rí. Mo ní bóyá ooru ni. Bóyá ikán ni. Mo ka oríṣiríṣi nǹkan fún wọn, gbogbo rẹ̀ àfi ọ̀kan.

Láti ọjọ́ náà, wọn kò fọwọ́ kan iṣu mọ́. Ojú wọn là dáadáa, wọ́n tún ń ríran ju èmi lọ, ṣùgbọ́n wọn kò kọ ebè mọ́. Bí Ìyá Àgbà bá ń bẹ iṣu, tí wọ́n ní kí Bàbá bá àwọn mú ọ̀kan wá, Bàbá á ní kí ẹlòmíràn mú un. Ọkùnrin tó jẹ́ pé iṣu ló fi tọ́ gbogbo wa. Ìyá Àgbà kọ́kọ́ ń fi ṣeré, wọ́n ní ọkọ àwọn ti di ọba, kì í fọwọ́ kan ilẹ̀ mọ́. Nígbà tó yá, wọ́n fi eré náà sílẹ̀.

Ó tó ọdún kan àtààbọ̀ lẹ́yìn náà kí obìnrin kan tó wá láti yunifásítì Ọyẹ́. Kì í ṣe ọmọ Yorùbá. Ìsàlẹ̀ odò Bẹ́núè ló ti wá, níbi tí iṣu pọ̀ sí, ṣùgbọ́n ó ti gbọ́ èdè wa débi tí ó fi lè dáhùn ẹ̀fẹ̀. Iṣu àtijọ́ ló ń wá káàkiri abúlé, kí wọ́n lè tọ́jú irúgbìn wọn kí wọ́n má baà parẹ́. Ẹnì kan ní Ìpáò ti júwe ilé wa fún un. Mo wà nílé fún ìsinmi nígbà tí ó dé. Bàbá Àgbà ní, "Ìyàwó mi, o pẹ́ kí o tó dé. Ó ti tán." Ìyá Àgbà ní láti inú ilé, "Ìyàwó wo nìyẹn? Kó wá bá mi fọ abọ́ o."

Obìnrin náà kúnlẹ̀ kí wọn, ó rẹ́rìn-ín, ó jókòó. Ó ní kí Bàbá sọ bí ó ṣe tán fún òun. Wọ́n sọ ọ́, títí dé orí oògùn ojú. Wọ́n wá bi í léèrè, wọ́n ní ìwé ló kà, kí ó sọ òótọ́ fún àwọn: ṣé oògùn ojú lè pa oníṣègùn tó wà nínú iṣu?

Kò fi wọ́n rẹ́rìn-ín. Ó ní kí Ìyá fún òun ní iṣu kan, irú èyíkéyìí. Ó gé e sí ọ̀nà méjì, ó gbé ọ̀kan sílẹ̀ nínú àwo, ó ní kí Ìyá bọ èkejì. Kí á tó gbọ́ iṣẹ́ tó ń ṣe tán, èyí tó wà nínú àwo ti ń pọ́n. Èyí tí wọ́n bọ̀ funfun síbẹ̀. Ó ní nínú iṣu ni àwọn òṣìṣẹ́ kéékèèké kan wà tí ojú kò lè rí. Ẹ́ńsáìmù ni àwọn ń pè wọ́n. Wọn kì í ṣe kòkòrò. Ara iṣu fúnra rẹ̀ ló ṣe wọ́n, iṣẹ́ wọn sì ni pé kí wọ́n sọ nǹkan kan di nǹkan mìíràn. Yàrá ọ̀tọ̀ ni wọ́n wà, yàrá ọ̀tọ̀ ni èròjà tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ lé lórí wà. Bí ọ̀bẹ bá wọlé, ògiri á wó, àwọn méjèèjì á pàdé, afẹ́fẹ́ náà á dá sí i, ibẹ̀ ni àwọ̀ rúsúrúsú yẹn ti ń jáde. Omi gbígbóná ti pa àwọn òṣìṣẹ́ inú èyí tí Ìyá bọ̀, ìdí nìyẹn tí kò fi pọ́n. Ó ní àwọ̀ náà kì í ṣe ìdọ̀tí. Oró ni fún àwọn kòkòrò àìsàn, kí wọ́n má lè wọlé. Lábẹ́ rẹ̀ ni àwọn ẹ́ńsáìmù mìíràn ti ń mọ ògiri tuntun, tí awọ mìíràn ń hù, tó le bí èèpo igi, láàrin bí ọ̀sẹ̀ kan. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni obì tí a bá là ń ṣe, bẹ́ẹ̀ ni ikàn tí a bá gé. Kòkó náà ń gbìyànjú rẹ̀ bí àìsàn tó ń sọ ọ́ di dúdú bá mú un, àmọ́ bí òjò bá pọ̀, àìsàn á sáré ju oníṣègùn lọ. Ó ní ewé tí kòkòrò bá bù jẹ tiẹ̀ máa ń ránṣẹ́ sí àwọn ewé yòókù lórí igi kan náà pé kí wọ́n múra.

Bàbá Àgbà ní, "Oníṣègùn nìyẹn. Ìwọ ló kàn wá mọ orúkọ ẹ̀."

Obìnrin náà gbà. Ó ní oògùn ojú díẹ̀ tó wà lọ́wọ́ ènìyàn kò lè ṣe iṣu ní ohunkóhun láti ìta èèpo. Ó ní ohun tó máa ń ba iṣu jẹ́ báyẹn, òun ti rí i lóko púpọ̀: àwọn kan máa ń rò pé ojú ọgbẹ́ tó pọ́n ti bàjẹ́, wọ́n á ha á kúrò, wọ́n á fi omi fọ̀ ọ́, wọ́n á dì í sínú ọ̀rá pẹ̀lú omi lára. Iṣu á tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, agbára rẹ̀ á tán, àìsàn inú omi á wọlé.

Ó ń wí i bí ẹni tó wà lẹ́yìn mi létídò lọ́jọ́ náà. Bẹ́ẹ̀, kò mọ nǹkan kan. Ọ̀rọ̀ oko lásán ló ń sọ.

"Iṣu tí a kò ṣá ńkọ́?" ni Bàbá Àgbà bi í.

"Bàbá, èyí tí a kò ṣá, tí ara rẹ̀ pé, ó ṣòro kí ó jẹrà láàrin ọ̀sẹ̀ mẹ́ta."

Bàbá Àgbà yí ojú sí mi, ojú méjèèjì, tó mọ́ kedere.

"Tíṣà, ṣé o gbọ́?"

"Mo gbọ́, Bàbá."

"Ṣé o ní ọ̀rọ̀ kan?"

Mo fẹ́ kí o mọ̀ pé wọn kò gbé ohùn sókè. Bí ẹni tó ń bini pé ṣé o ti jẹun ni wọ́n ṣe wí i. Ìyá Àgbà ń gbé àwo kúrò nílẹ̀. Obìnrin náà ń kọ nǹkan sínú ìwé rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà wà lẹ́nu mi. Kò ju gbólóhùn kan lọ, kò sì sí èébú tó máa tẹ̀lé e.

"Rárá, Bàbá. Kò sí."

"Ó dáa," ni wọ́n wí. Wọ́n na ọwọ́, wọ́n mú ìdajì iṣu tútù tó wà nínú àwo náà, wọ́n gba ọ̀bẹ lọ́wọ́ Ìyá Àgbà, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ ẹ́. Ìyá Àgbà dúró wò wọ́n, wọ́n yára wọ inú ilé. Mo gbọ́ tí wọ́n ń fun imú.

Èmi ni mo sin àlejò náà dé ojú títì láti wá ọkọ̀ padà sí Ọyẹ́. Níbẹ̀ ni mo ti sọ gbogbo rẹ̀ fún un, láti orí ebè kẹta títí dé orí ẹrẹ̀ etídò. Ẹni tí mi ò mọ̀ rí kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó mọ́. Ó gbọ́ ọ tán, kò bá mi wí. Ó kàn ní, "Ẹ padà lọ sọ fún wọn nísinsìnyí, sà. Wọ́n ṣì jókòó síbẹ̀."

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, màá ṣe bẹ́ẹ̀. Ọkọ̀ dé, ó wọ̀ ọ́. Mo rọra rìn padà, ìrìn tí kò tó nǹkan, mo sì mú kí ó pẹ́. Nígbà tí mo dé, Bàbá Àgbà ti bẹ iṣu náà tán, wọ́n ń bá Ìyá Àgbà ṣeré lórí bí àwọn ṣe bẹ ẹ́ nípọn jù. Ilé dùn lọ́jọ́ náà, ó ti pẹ́ tó ti dùn bẹ́ẹ̀ kẹ́yìn. Mo ní mi ò ní í bà á jẹ́. Mo ní màá sọ ọ́ bí ìsinmi bá tún dé.

Wọ́n kọ ebè ní ọdún yẹn, ebè díẹ̀, iṣu tí wọ́n rà lọ́jà. Wọn kò dúró wà á. Ìsinmi kò tíì dé nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi pè mí láti Ìkọ̀lé pé kí n máa bọ̀ ní Ìpáò, kí n mú aṣọ funfun dání.

Mo ti bi Ìyá Àgbà léèrè láti ìgbà náà bóyá Bàbá sọ nǹkan kan nípa mi. Wọ́n ní kí ni kí wọ́n sọ? Wọ́n ní lẹ́yìn ọjọ́ tí àlejò wá, Bàbá kò tún dárúkọ oògùn ojú mọ́, wọn kò sì béèrè ohun tó pa iṣu mọ́. Nígbà tí wọ́n ń kọ ebè yẹn, wọ́n ní kí àwọn fi ẹ̀gbẹ́ kan sílẹ̀ fún tíṣà, ó lè fẹ́ wá bá àwọn wa díẹ̀. Mi ò tíì sọ fún Ìyá Àgbà. Wọ́n ti darúgbó, wọ́n sì fẹ́ràn mi.

Ìwọ tí o ti jókòó gbọ́ ọ láti ìbẹ̀rẹ̀ títí dé ibí, jọ̀ọ́, má fi àánú dá mi lóhùn: nígbà tí wọ́n yí ojú sí mi tí wọ́n ní ṣé mo ní ọ̀rọ̀ kan, ṣé o rò pé wọ́n ti mọ̀?